Màmá Joanna Àwẹ̀ró Akíntọ́lá, Aránṣọ Ẹni Tí Ń Fò (1958–2026)

Àwẹ̀ró, ọmọ Òpómúléró, ọmọ Ìsẹ́yìn tí òfì ń dún lójúlé dójúlé. Ọlọ́wọ́ títọ́, ìyá tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 ni a bí Màmá wa ní Ìsẹ́yìn, sínú ilé Bàbá Lazarus Oyèdìran, ahunṣọ àti àgbà ìjọ, àti ìyàwó wọn, Màmá Dọ́káàsì.

Màmá kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ìdí òfì ni Bàbá wọn ti kọ́ wọn ní a-b-d, Sáàmù ni wọ́n sì fi mọ ìwé kà. Ní ọdún 1974 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Íbàdàn, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì lò kí wọ́n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù.

Ọdún 1984 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Bàbá Akíntọ́lá. Ní 1994 Olúwa kó wa dé New York, ní òpópónà Grand Concourse. Màmá ń tọ́jú àwọn arúgbó ní àdúgbò Fordham lójúmọmọ, wọ́n á sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bí wọ́n bá dé. Aṣọ akọrin ìjọ wa, àwọn ló rán an láìgba kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Staten Island láti kọ́ àwọn obìnrin Port Richmond níṣẹ́.

Ohun kan wà tí gbogbo ìjọ mọ̀ mọ́ Màmá: wọn kì í gé aṣọ mọ́ ènìyàn lára. Wọ́n á fi ìka méjì sílẹ̀ níbi ojú rírán, wọ́n á ní ara kì í dúró sójú kan, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ Ọlọ́run yóò sanra.

Kúnmi, àbíkẹ́yìn wa, ló mú eré tí ìran wa kò ṣe rí wọlé. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ilé ìwé kó wọn lọ sí òkè yìnyín ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí. Síkì, pákó gígùn méjì, ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín, wọ́n á sì fò sínú òfurufú. Bàbá Fàtáì, awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, a máa fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Yorùbá wo ló ń já láti orí òkè tí ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́. Màmá á fèsì pé ẹyẹ kì í fò kí ìyá ẹyẹ máa sunkún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ tí Kúnmi ti ń fi síkì díje kárí ayé pàdánù ẹni tó ń rán aṣọ ìfò wọn, Màmá sì gbà á ṣe. Oṣù Kìíní ọdún yìí ni ìdíje sáà náà bẹ̀rẹ̀ ní Austria. Kúnmi fò mítà igba ó lé méjìlá, ibi tí kò fò dé rí. Nígbà tí àwọn adájọ́ wọn aṣọ rẹ̀, ó fi ìka kan jù ú lọ ní itan. Aṣọ tó fẹ̀ a máa gba afẹ́fẹ́ bí ìgbòkun, a sì máa gbé ènìyàn jìnnà. Ìrẹ́jẹ ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì fagi lé ìfò náà. Màmá ti fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ wọn lè jẹun.

A ò ní fi pamọ́, ó dun Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà wọ́n pe Kúnmi lórí fóònù, wọ́n tọrọ àforíjì, àgbà lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ní kó máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ láràárọ̀. Ẹni tó kọsẹ̀ tí kò ṣubú, ìrìn rẹ̀ ló yá sí i. Lẹ́yìn ìfò ti Jámánì, Kúnmi wà ní ipò kẹrìnlélógójì nínú àpapọ̀ máàkì sáà. Ní Norway ó gòkè dé ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Slovenia ló kù. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò fò níbẹ̀, ọgbọ̀n ènìyàn tó bá ṣáájú nínú àpapọ̀ náà nìkan ni yóò sì fò lọ́jọ́ Ìsinmi tí sáà yóò parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn ọkàn gbé Màmá dé ọsibítù. Aṣọ tuntun tí wọ́n rán ti lọ bá Kúnmi ní Slovenia. Kúnmi ti di ẹrù rẹ̀ láti padà wálé, ni Màmá bá gba fóònù lọ́wọ́ Doyin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kúnmi, má wá. Bí aṣọ yẹn bá tún jù ọ́, kí n gbọ́. Bí kò bá jù ọ́, kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n má wálé wá jókòó tì mí kí n máa rò ó."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Kúnmi fò mítà igba ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n. Doyin ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Màmá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n béèrè bóyá àwọn adájọ́ ti wọn aṣọ. A dúró. Nígbà tí ìròyìn dé pé aṣọ bá ara mu, pé Kúnmi ti di ẹni ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, Màmá ní kí a gba jíígí ojú àwọn, kí a jẹ́ kí àwọn sinmi.

Kúnmi fò lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́bọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, Màmá wa sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi Adédoyin, Kànmí àti Kúnmi sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà àti àbúrò wọn kan ní Ìsẹ́yìn.

Àwẹ̀ró, ó dìgbà. Olúwa tó fi yín ta wá lọ́rẹ yóò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ sùn re o, ìyá wa.