Ariwo Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Bàṣé Wa

Mansur ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Lómè níbẹ̀. Èmi Àmúdà bàbá rẹ ni mò ń kọ̀wé, ìyá rẹ Mọ́rìlíátù jókòó tì mí, ó ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun. A kí ọ kú iṣẹ́, a kí ọ kú atẹ́gùn etí òkun tí o ní ó ń mú ọ láyà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àjò dùn mọ́ ọ ju ilé lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìdúró lo wà tí o fi ń ka ìwé yìí, wá ibi jókòó sí.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti ọjọ́ Àtàláátà. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Inú àpò ìrẹsì ni mo ki fóònù náà bọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ sínú ohun tó máa ń já láàárín ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó mú ìwé tọ̀ ọ́ wá.

Nílé, ìrẹsì ti gbó lápá Kirkissoye, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí méjì. O mọ bàṣé wa, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo fi ń kó àlùbọ́sà lọ sọ́jà láti ìgbà tí o wà léwe. Nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún. Láàárọ̀, á dún kó, kó, kó, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Tó bá gbóná tán, ohùn náà á jinlẹ̀, á dà bí odó tí wọ́n ń gún nílé kejì, bí ẹrù bá sì wúwo, á pọ̀ sí i. Mo rò pé ìṣó kan ló tú lẹ́yìn ọkọ̀, mo kan gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ó ṣì ń dún.

Ìwọ lo ní kí n gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù kí n fi ránṣẹ́, kí o lè mọ ohun tó ń ṣe é. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè déédéé fi ariwo ẹ́ńjìnnì pàdé ọmọ mi láìkí i. Mo kí ọ, mo ṣàdúrà fún ọ, mo béèrè àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo sì ti ṣe àmín tán ni mo yọ ìka, ó sì lọ. O dáhùn pé ohùn mi nìkan lo gbọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ìyẹn náà tó.

Ìsà, mẹkáníìkì ìtòsí afárá Kennedy, fi ẹnu irin gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó di ojú. Ó gbọ́ ọ níbi mẹ́ta. Ó wá ní irin kan nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní bíyẹ̀lì, ló ti jẹ ibi tó jókòó sí tán, pé bí mo bá ń wà á bẹ́ẹ̀, á fọ́ ẹ́ńjìnnì jáde lọ́jọ́ kan, kí n gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ṣé irin àti etí ni wọ́n fi ń mọ àìsàn láyé òde òní.

Wọ́n júwe gáráàjì kan fún mi ní Gamkalley, wọ́n ní fálíìsì ni wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀. Mo kó aṣọ kúrò nínú fálíìsì tí mo gbé lọ sí Mẹ́kà, mo kó ìwé ọkọ̀ sí i, mo gbé e lọ. Ọkùnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó fi tirẹ̀ hàn mí, àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní okùn, tí wọ́n ń kì bọ inú ọkọ̀ kó lè sọ àìsàn rẹ̀. Ó wá abẹ́ ìdarí ọkọ̀ títí, ó ní ọkọ̀ yìí ti dàgbà jù, kò ní ibi tí okùn ń wọ̀, àpótí kò lè rí nǹkan kan. Mansur, ohun tí èmi gbọ́ ni pé àpótí kò rí nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀rọ òyìnbó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ le. Nígbà tí mo ń kọjá níwájú Ìsà, mo juwọ́ sí i bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Láàárọ̀ Àtàláátà, ìrọbí mú Hàdìzà ìyàwó rẹ. Agbẹ̀bí ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fi síwájú, kí á tètè gbé e lọ sí ọsibítù òdìkejì odò. Hàdìzà àti ìyá rẹ wà lórí ẹní lẹ́yìn bàṣé, mo sì ń sáré wà á lọ. Láàárín afárá, nǹkan kan dún gbàà bí ìkòkò tó já lulẹ̀, ọ́ìlì dà sójú títì, ohun gbogbo sì dákẹ́. Odindi oṣù kan ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ariwo yẹn dákẹ́. Ọkọ̀ wa ló dí ọ̀nà mọ́ takisí tí ì bá gbé e. Àwọn ènìyàn tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí takisí lè kọjá, ó gbé Hàdìzà dé ọsibítù, ó bímọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Ọkùnrin ni. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, kò sun ún mọ́. Lèmọ́mù ní ẹni tó bá ti sunkún ti di ènìyàn, ó yẹ kó lórúkọ, mo sì sọ ọ́ ní Àbdùlbàsìt. A kírun sí i lára, a sin ín lẹ́yìn ìrun àsárì.

Hàdìzà wà láàyè, ó ti ń mu ẹ̀kọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sí ọ rárá, kí n kọ pé kádàrá ni. Mo gba kádàrá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Ìsà ti fi ẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Òun náà ló fa ọkọ̀ kúrò lórí afárá, ó wá kí mi, ó jókòó tì mí títí tí a fi kírun, kò sì mẹ́nu ba ẹ́ńjìnnì. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Má fi owó ránṣẹ́ nítorí ọkọ̀ náà. Èyí tí o bá rí, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn Hàdìzà, kí o fi ìyókù wọ ọkọ̀ wálé. Òru ni ó máa ń béèrè rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ, kì í béèrè lójú mi. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, máa bínú bọ̀, mo ń dúró dè ọ́.

Ọlọ́run kó fi sùúrù sí ọ láyà, kó fi ọmọ tí yóò sin yín rọ́pò, kó sì mú ọ dé ilé láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Àmúdà.