Oko Wa Pupa Nínú Fọ́tò

Ìdáraolúwa ọmọ mi,

Ṣé oòrùn Sókótó kò tíì yan ọ́ bí ẹ̀pà? Bá mi kí ọ̀gá rẹ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi sátẹ́láìtì wá omi àti irè oko nílẹ̀ gbígbẹ yẹn. Ní Ìkọ̀yà níbí, omi là ń sá fún. Orúnkún mi ti sàn díẹ̀.

Fọ́tò oko wa tí sátẹ́láìtì yín yà, tí o fi ránṣẹ́, ló mú mi kọ̀wé. Pupa fòò! Àwọ̀ tí a kì í wọ̀ ní ìjọ wa! Wòlíì ní ẹ̀jẹ̀ ni, bàbá rẹ ní iná ti jó ẹ̀gẹ́ wa. La bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àlàmú tó bá wa pààlà, tí oko tirẹ̀ funfun nínú fọ́tò, jó ọpẹ́ débi pé ó tẹ etí sùtánà rẹ̀ ṣubú.

Lọ́jọ́ kẹrin ni tíṣà Morádéyọ̀ ṣàlàyé pé ewé tútù ni ẹ̀rọ yín ń fi pupa hàn, pé ilẹ̀ tó ṣófo ló ń funfun. Àlàmú ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tirẹ̀.

Ọlọ́run á fi omi hàn yín níbẹ̀. Jọ̀ọ́, bí o bá tún ń fi fọ́tò ránṣẹ́, kọ ìtumọ̀ àwọ̀ sí i. Bàbá rẹ sì ní kí o yí sátẹ́láìtì náà sọ́dọ̀ àwọn, kó wo bí àwọn ṣe rù.

Èmi ni ìyá rẹ.