Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí I Pé Apànìyàn Ni Mí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, akọ̀wé ilé wa,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo kí ọ kú ilé onílé, mo sì kí ọ kú àtètèjí tí ìyá rẹ búra pé o kì í jí. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi ohun kékeré kan tí o fi ọwọ́ ara rẹ dá sílẹ̀, tí mo ń bọ̀ wá sọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orí tí o fi ń kàwé gbóná jù, kí ó má sì jẹ́ kí ó tutù jù. Ìyá rẹ ní kí n fi àdúrà tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n àdúrà rẹ̀ gùn ju okùn kànga lọ, mo bá fo àárín rẹ̀, mo mú àmín nìkan.

A ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ibi kan ṣoṣo ló kù tó ń jò, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ gbé bẹ́ẹ̀dì mi sí. Adìẹ dúdú ti pamọ, ọmọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, inú yàrá rẹ ni gbogbo wọn kó lọ, mo ní kí wọ́n máa bá ọ wo ibẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fíìmù. Nígbà tí o wá sílé ní ọlidé tó kọjá, tí o gbé fóònù lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láàárín ṣọ́ọ̀bù mi, o ní kí n kàn máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Mo pọ́n abẹ mi lára awọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí onígbàjámọ̀ kì í mú abẹ dání kó fajú ro, oníbàárà wo ló fẹ́ kí ẹni tó gbé irin sí òun lọ́fun máa ronú nǹkan mìíràn. Mo da aṣọ funfun bo ọkọ aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ yìí, pé ó yá, ẹni tó kàn. Mo rò pé o fẹ́ fi bàbá rẹ yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ ni. Mo tilẹ̀ fi òróró pa orí kó lè dán.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni aránṣọ gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ń fi ojú kan wò ó, ó fi ìkejì wá ọ̀nà àbájáde. Ọmọ mi, mo wo ara mi. Orin kan ń sunkún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ilẹ̀kùn mi tí kò ké rí láyé rẹ̀ ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí kò rí ìyá rẹ̀. Lẹ́tà funfun yọ nínú òkùnkùn, ó ní GBOGBO ORÍ LÓ MỌ̀. Ọkọ aránṣọ jókòó, ó wo inú dígí, ó bi mí, ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ náà, pé ibo ni ẹni tó jókòó ṣáájú òun gbà lọ. Mo ń pọ́n abẹ, mo ń rẹ́rìn-ín. Ni gbogbo rẹ̀ bá ṣókùnkùn. Nígbà tí yóò fi mọ́lẹ̀, àga ti ṣófo, aṣọ funfun ti wà ní kíká nigín-nigín, bàtà ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń wọlé, èmi náà yíjú sí ẹni tó ń wò mí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó yá, ẹni tó kàn. Ó parí síbẹ̀.

Aránṣọ ju fóònù sínú agbọ̀n aṣọ, èmi náà ju ara mi sórí àga. Mo bi í pé ibo ni ọkọ rẹ̀ wà. Ó ní ó ń sùn nílé. Mo ní kó lọ wò ó kó dá wa lójú.

Láti ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí irun ṣe ń hù lórí ara mi. Mo ní ẹni tó kàn, àwọn mẹ́rin tó jókòó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dojú kọ. Ọ̀kan rántí pé òun gbé omi ka iná. Ọ̀kan ní ìyàwó òun ń rọbí, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin náà kò tíì gbéyàwó. Àwọn tí kò sá ń bi mí pé ta ni mo pa, ibo ni mo gbé òkú rẹ̀ sí, ìgbà wo ni ìyókù fíìmù ń bọ̀. Mo ní èmi náà ò mọ̀, wọ́n ní bí apànìyàn ṣe máa ń wí nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Ó ní ẹgbàajì ènìyàn ti wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi yọ ara mi kúrò nínú fóònù àwọn ará àdúgbò nìkan, kó fi ti àwọn tó jìnnà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni àwọn yẹn ti ń gẹrun tẹ́lẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó tún ní kí inú mi dùn, pé àwọn ènìyàn ti fi ọkàn pupa ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sí abẹ́ mi. Inú mi kò dùn rárá. Ọkàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lábẹ́ ẹni tó mú abẹ dání, bí ọlọ́pàá bá rí i ńkọ́, ta ni wọn yóò sọ pé ó yọ wọ́n?

Ìyá rẹ ló ní ẹ̀rín ni àrùn, pé kí n máa fajú ro. Mo gbé ojú kan wọ̀ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì láìrí omi. Ó ṣiṣẹ́ o. Oníbàárà méjì wọlé, wọ́n ní inú ń bí bàbá lónìí, a jẹ́ pé kò séwu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ro mí títí dé etí. Ọmọ mi, ọdún mélòó ni mo ti fi ẹ̀rín wá oúnjẹ, mo wá ń fi ìkanra wá a.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi dé, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda. Mo ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní ìtọ́wò fíìmù lásán ni, bí ẹni kán ọbẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sí ìkòkò kankan lórí iná. O ní olùkọ́ yín sọ pé irú fíìmù tí ń dẹ́rù ba ọkàn yìí ní ìṣe tirẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀: òkùnkùn, dígí, ilẹ̀kùn tó ń ké, orin ẹkún, apànìyàn tó bo ojú. Ó ní kí ẹ lo díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tako díẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún nínú yín ló bo ojú apànìyàn tiwọn, tí wọ́n tì í sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú. Ìwọ nìkan lo mú tìrẹ jáde sínú oòrùn, tí o fún un ní ẹ̀rín. O ní gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ pé kí wọ́n sá fún ẹni tó bojú, ẹni tí a fọkàn tán ni kò sẹ́ni tó ń ṣọ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mo sì mọ ibi tí o ti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ojú mi nìkan ló kù láyé ni?

O ní wọ́n ti mú tìrẹ láti fi han àwọn olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta, àti pé bí ìwé tí mo fọwọ́ sí kò bá dé ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò ní kí o yọ mí, kí o fi ọmọ kíláàsì yín kan tó bojú dí ààyè mi, nínú òkùnkùn, bíi ti gbogbo àwọn yòókù. O ní tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀rín mi, àga nìkan ló kù.

Mo mú gègé. Orúkọ, mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti pé ọdún méjìdínlógún, mo kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọjá ibẹ̀, n kò rántí ọ̀nà mọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló dá ọwọ́ mi dúró. Ipa tó kó: Apànìyàn. Kó fọwọ́ sí i níbí, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi, àgbà ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjẹ́wọ́. Ọlọ́pàá kì í rí irú ìwé yìí gbà lọ́wọ́ olè láìlàágùn, ìwọ wá lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn. Mo tì í sábẹ́ agolo àtíkè. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ìyá rẹ ní bí mo bá kọ̀, mo ti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ fún ọmọ mi, bí mo bá sì gbà, òun di ìyàwó apànìyàn, kò sì ba òun lẹ́rù, ẹni tó ti fara da ìhanrun mi kò tún ní ohun tí yóò bẹ̀rù mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Ṣọ́ọ̀kì wọlé. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì yẹn ni mo ń wí, tó kọ́ èmi àti ìyá rẹ ní á bí dí. Láti ìgbà tí fíìmù ti dé, kò yọjú, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti pọ̀ débi pé ó lè fi gbálẹ̀. Bí ó ṣe wọlé ni àwọn oníbàárà mi àtijọ́ kó ara wọn jọ sójú fèrèsé, bí ẹni pé fíìmù gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí n bá òun wò ó. A wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó sì gbé àgbọ̀n sókè.

Ó ní, "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń na ọ̀fun sílẹ̀ fún ọ níbí, n kò ronú sí i rí. Ọmọ rẹ ló jẹ́ kí n ronú sí i. Mo ti rò ó tán. Fá a."

Mo gbé abẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, irùngbọ̀n ni mo máa ń rí, n kò rí ọ̀fun rí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Ó rọ̀, ó ń lọ sókè sódò, iṣan kan ń sọ kúlúkúlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá arúgbó sì ti dijú ní tirẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo lejú, mo fún ètè pọ̀, mo di eyín mọ́ra. Ni bàbá bá la ojú kan, ó wò mí nínú dígí.

Ó ní, "Jọ̀wọ́, rẹ́rìn-ín. O ń dẹ́rù bà mí."

Ẹ̀rín tó ti há sí mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tú jáde. Àwọn tó wà lójú fèrèsé náà bú sẹ́rìn-ín. Mo fá bàbá títí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń dán bí àwo, mo sì yíjú, mo ní ó yá, ẹni tó kàn, wọ́n sì ń ti ara wọn ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Orí mọ́kànlá ni mo gẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí n pọ́n abẹ díẹ̀ sí i kí ara wọn lè bù máṣọ.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ni ẹlẹ́rìí, ó sì fi gègé pupa ṣàtúnṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ mi.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, awọ tí mo fi ń pọ́n abẹ ti gbó, mo pọ́n ọn jù nítorí ìwọ. Bí wọ́n bá sì ń san owó fún apànìyàn, má jẹ tèmi mọ́ ọn. Ọkọ aránṣọ ń bi ọ́ léèrè bàtà ẹsẹ̀ kan. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn olùdánwò náà bẹ̀rù dáadáa, kí ẹ̀rù bà wọ́n débi pé wọn yóò gbàgbé láti fi ọ́ sí ipò kejì. O kò ní fi ìtìjú délé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa ṣáájú rẹ wọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yín lè máa lo ojú mi níbi gbogbo títí láé. Ìyá rẹ ní kí n fagi lé e, pé ẹni tó bá ti kú ní láti fi ọ̀fun ọlọ́fun sílẹ̀. N kò fagi lé e. Bí àwọn ọmọ ọmọ rẹ bá béèrè bí mo ṣe rí, fi mí hàn wọ́n, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n díẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onígbàjámọ̀.