Alhaji Yísà Àlàó Oyèdèjì, Olùkọ́ Tó Mu Omi Lọ́sàn-án Ààwẹ̀

Ní ọdún 1931, nínú agbo ilé Oníkéwú ní Ìwó Olódò Ọbà, ni wọ́n bí Alhaji Yísà Àlàó Oyèdèjì, tí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ péjọ sí àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ wọn lónìí. Alfa Oyèdèjì, àgbẹ̀ tó tún ń kọ́ ọmọ ní kéwú, ni bàbá wọn. Ṣẹ̀fíátù Àbẹ̀kẹ́, oníṣòwò aṣọ, ọmọ Ilé-Ogbó, ni ìyá wọn. Kéwú ni wọ́n fi ń jí ọmọdé nínú ilé náà, kì í ṣe àkùkọ.

Lẹ́sẹ̀ bàbá wọn ni Bàbá ti kọ́kọ́ kéwú kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ ní 1939. Bàbá wọn kò tètè gbà; ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má lọ sọ ọmọ òun di Jọ́ọ̀nù. Ọmọ náà lọ, ó bọ̀, Yísà ló ṣì ń jẹ́. Ní 1953 ni wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, wọ́n sì ṣe tíṣà ní Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà. Ní 1957 ni wọ́n so yìgì wọn pẹ̀lú Nimotallahi, ẹni tí Bàbá máa ń sọ pé òun nìkan ni ọ̀gá tí kò fún àwọn ní ìsinmi rí.

Ní 1978 ni ìjọba gbé wọn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìwó láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Islam. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ètò ìlera akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, nítorí kò sí olùkọ́ mìíràn tó fẹ́ ẹ. Bàbá sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Wọ́n ṣe ìdérí sí táǹkì omi òjò, wọ́n ní kí iná ilé ibùsùn máa kú lásìkò, wọ́n sì ń kó àwọn olùkọ́ oníkùn rìn lọ sí ọ̀nà Kuta láràárọ̀. "Ara líle loògùn ọrọ̀," ni wọ́n máa ń wí, "tíṣà tí kò bá ní ọrọ̀, kó kúkú ní oògùn rẹ̀." Àwọn olùkọ́ ráhùn títí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ihò tuntun ni wọ́n ń lu sí bẹ́líìtì.

Ní 1983, Bàbá bẹ nọ́ọ̀sì kan kó wá yẹ ara gbogbo òṣìṣẹ́ wò. Kálukú ń sá. Bàbá kọ́kọ́ jókòó kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀, àfi bí àyẹ̀wò ṣe fi hàn pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn. Ẹni tó ní kí á wá yẹ ara àwọn yòókù wò, òun la kọ́kọ́ bá. Dókítà ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa lo oògùn lásìkò, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Bàbá gbà, wọ́n sì ń bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀ náà bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ṣùgbọ́n inú yàrá, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì, ni wọ́n ti ń mu omi nínú Ràmàdáánì. Ìdí ni pé àwọn ni gbogbo àdúgbò ń wò láti di Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí agbo ilé, ipò tí bàbá wọn fẹ́ títí tó fi kú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 1986, tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, Ràhámọ̀tù, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Kuta tó ní ọgbẹ́ inú, dá kú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Dókítà ti ní kó má gbààwẹ̀, Bàbá fúnra wọn sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì pé Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn. Bàbá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ní kí ló wá dé tó fi gbààwẹ̀. Ó ní, "Alfa, ẹ má bínú, mo gbọ́ ohun tí ẹ kọ́ wa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é rí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Màmá. Màmá ní, "Bàbá Lateefat, ipò Ìmáàmù ńkọ́?" Bàbá ní, "Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú, ta ni màá ṣe Ìmáàmù fún?" Lọ́jọ́ kejì, tí oòrùn ti kan àtàrí, Bàbá dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, wọ́n sọ àìsàn wọn fún gbogbo wọn, wọ́n ju oògùn sẹ́nu, wọ́n sì mu omi.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Alfa Sàlàkọ́, tí wọ́n jọ kéwú láti kékeré, dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ẹni tó mu omi lọ́sàn-án Ràmàdáánì lójú ọmọdé kò lè ṣíwájú àwọn kírun. Nígbà tí àyè Ìmáàmù ṣí ní 1987, Alfa Sàlàkọ́ ni wọ́n wé láwàní fún. Ẹbí kò ní purọ́ níbi àdúrà: ó dun Bàbá wọra. Síbẹ̀, wọn kò kábàámọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí aláìsàn, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́, ti lè jẹun nínú ààwẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olùkọ́ tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ jáde wá gba ìtọ́jú. Ràhámọ̀tù yege, ó ti di tíṣà ní Olúpọ̀nnà. Inú Bàbá dùn láwọn ọdún wọ̀nyí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Màmá tilẹ̀ ní orin ni wọ́n fi ń wẹ̀.

Nínú Ràmàdáánì ọdún 1989 yìí, àwọn ọmọ Ìmáàmù Sàlàkọ́ sáré wá pe Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá bàbá wọn dùbúlẹ̀, kò sì gbà láti gbé oògùn mì àfi tí oòrùn bá wọ̀. Bàbá lọ jókòó tì í. Ìmáàmù ní, "Yísà, bí mo bá mu ún, ta ni yóò kírun lẹ́yìn mi?"

Bàbá ní, "Èmi."

Ìmáàmù mu ún. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Bàbá ló kọ́kọ́ dúró ní ìlà iwájú lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní òwúrọ̀ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989. Wọ́n fi aya sílẹ̀, Alhaja Nimotallahi. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, Lateefat, Fàtáì, Dúpẹ́ àti Mọ́láyọ̀. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀, àti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pè wọ́n ní bàbá.

Ìmáàmù Sàlàkọ́ ló kírun sí wọn lára. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó yíjú sí àwọn èrò, ó ní, "Ẹ tò dáadáa o. Ẹni tó yẹ kó dúró níbi tí mo dúró ló sùn síwájú mi yìí."

Ẹ sùn re o, Bàbá Lateefat. Kí Ọlọ́hun fi yín sí Alùjánnà, níbi tí kò sí àìsàn, tí òùngbẹ kò sí. Àmín.