Ohun Tí Ẹ Kọ Sábẹ́ Tábìlì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Tábìlì tí ẹ kàn fún mi nígbà tí mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí. Ó ṣì ń mì díẹ̀. Ilé dákẹ́. Àwọn ọmọ wà ní Kánádà pẹ̀lú bàbá wọn, wọ́n sì máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Gàrí ni mo dá rẹ mu lọ́sàn-án yìí.

Ẹ rántí nígbà tí mo gboyè dókítà, tí àwọn ará Ìmùsìn ń gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹ ń lé wọn padà pé dókítà ẹ̀rọ ni mí. Ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kàwé fún oyè kejì àti kẹta nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀ wá rí lè tún un ṣe, kí ó sì bá ohun kan náà.

Ní sáà yìí, mo ní kí kálukú mú iṣẹ́ kan tó ti jáde, kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Sìkírátù, ọmọ jẹ́jẹ́ kan láti Ìbefun, mú tèmi: iṣẹ́ tí mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti wo àwòrán ewé ẹ̀gẹ́, kí ó mọ èyí tí àrùn wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló gbé orúkọ mi jáde. Òun náà ni mo gbé ka iwájú nígbà tí mo béèrè fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

“Mà, ẹ má bínú. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, èsì tèmi ò bá tiyín mu.”

Mo ní kó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá, ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò dáa. Ó padà wá pẹ̀lú ohun kan náà, mo tún lé e lọ. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wò ó bí ẹni tí kò mọṣẹ́, nítorí tèmi ló wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣí àwọn àwòrán àtijọ́ náà fúnra mi. Ẹ̀dà àwọn tí mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà ló wà láàárín àwọn tí mo fi dán an wò. Ó dà bí olùkọ́ tó fún ọmọ ní ìbéèrè ìdánwò mú lọ sílé, tó wá ń yangàn pé ọmọ náà gbọ́n. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Mo kọ pé àṣìṣe kan wọlé. Mo pa á rẹ́. Mo kọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn àwòrán kan ti dàpọ̀. Èmi tí mo máa ń fi bírò pupa pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ fún àwọn ọmọ! Bí mo bá fi òótọ́ ránṣẹ́, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tí mò ń retí lọ nìyẹn. Bí n kò bá fi ránṣẹ́, Sìkírátù ló máa ru ẹ̀bi mi lọ síwájú àwọn tó máa dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

Mò ń béèrè bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń dojú àga dé kí oníbàárà tó gbé e, tí ẹ ó fi pẹ́ńsùlù kọ àbùkù rẹ̀ sábẹ́: ibi tí kókó igi wà, ibi tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù dí ihò. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan ka tiẹ̀, tó sì fi àga náà sílẹ̀ lọ, mo kígbe mọ́ yín pé ẹ ń fọwọ́ ara yín ba ọjà yín jẹ́. Ẹ kàn ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí. N kò tọrọ àforíjì títí ẹ fi jáde láyé. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dárí jì mí.

Láti ọjọ́ tí tábìlì yìí ti dé ilé mi, n kò wo abẹ́ rẹ̀ rí. Lónìí mo kúnlẹ̀, mo tan iná fóònù sí i. Ọwọ́ yín ni, kò tíì parẹ́:

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú. Èmi ni mo gé e. Má bínú, ọmọ mi.

Mo pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí mo dìde, mo tún lẹ́tà náà kọ. Mo kọ ọ́ pé Sìkírátù ló rí àṣìṣe náà, pé èmi ni mo ṣe é. Mo ti fi ránṣẹ́. Mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Tábìlì ṣì ń mì bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò ní ki nǹkan kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú náà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Dókítà ẹ̀rọ.