Bàbá Mi, Ẹ Gbóòórùn Ewé Méjèèjì Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Àṣàkẹ́ yín wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí ó wà, bí inú tilẹ̀ ń bí i. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi béèrè bí orúnkún wọn ṣe ń ṣe sí. Mo kí Bùọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó sọ ohun tó ń lọ nílé fún mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn. Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Òkè-Ògùn? Níbí, létí òkun Àgbádárìgì, òjò kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n bá yín sọ ní yàrá. Mo pè yín títí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kò gbé e. Ìgbà tí ẹ gbé e kẹ́yìn, ẹ ní ṣé èmi tí mò ń bu ọtí fún àwọn olówó ni n kò fẹ́ kí bàbá mi náà jẹ níbẹ̀, ẹ sì pa fóònù mọ́ mi létí. Mo mọ̀ pé Tíṣà Múfú máa ń ka ìwé ìròyìn fún gbogbo yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí kí ẹ tó kírun Jímọ̀. Jímọ̀ yìí náà ni ẹ fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn tábà tí ọ̀gá mi gbé wá. Kí Tíṣà ka lẹ́tà yìí sókè, kí gbogbo àgbẹ̀ tí wọ́n fún nírú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ mi rí. Ohun tí àwọn èèyàn sọ fún yín ni ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí n wí i fúnra mi. Lóròòwúrọ̀ mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ajídò, a ó la ọ̀sà kọjá sí ibi tí òkun wà, níbi tí ọ̀gá mi kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí láàárín igi àgbọn. Àwọn ọlọ́rọ̀ ń ti Èkó wá, àwọn mìíràn ń gba ẹnubodè wọlé láti Kútọnu. Wọ́n ń fa sìgá ńlá, èyí tí wọ́n fi odidi ewé wé, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò. Wọ́n sì ń mu wisikí kan tì í, tí àwọn òyìnbó fi ọkà tí wọ́n ń pè ní ráì ṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ sìgá tí ó bá wisikí mu.

Ráì máa ń ta bí atare. Bí èèyàn bá fi ewé tí ó le tì í, àwọn méjèèjì yóò máa jà lẹ́nu ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ìgbádùn. Ewé tí ó ní adùn díẹ̀ ni ó máa ń pẹ̀tù sí i. Ṣùgbọ́n ráì tí ó bá ti pẹ́ nínú àgbá, tí ó ti rọ̀, òun ni ó lè gbé ewé dúdú. Bàbá mi, ọtí náà kò kan ahọ́n mi rí, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Imú ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo máa ń gbé ife sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo máa gbóòórùn rẹ̀, mo máa gbóòórùn ewé, mo sì máa mọ̀.

Ta ni ó kọ́ mi? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún mi pé ewé ìdí igi tábà fúyẹ́, pé ti àárín ni ó ń ta sánsán, pé ti orí, tí oòrùn pa jù, ni ó le. Ọ̀gá mi ra ìwé ńlá kan tí àwọn òyìnbó kọ nípa sìgá. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí, nítorí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mo ń so ewé mọ́ igi, tí oje rẹ̀ sọ ọwọ́ mi di dúdú, ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Imú tí mo fi ń jẹun, imú yín ni.

Ní Ajídò, ọ̀dọ̀ Ìyá Sènámi ni mo ń gbé. Ẹja ni ìyá náà ń yan tà. Ègùn ni wọ́n ń sọ, Yorùbá wọn kò sì ju èyí tí wọ́n fi ń ra ọjà lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ilẹ̀kùn, aṣọ tí mo sá kì í gbẹ tán. Àárò ilé ni ó mú mi ṣe ohun tí ó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Nígbà tí mo wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín, mo já díẹ̀ nínú tábà ẹ̀yìnkùlé, èyí tí ẹ máa ń gbìn fún àwọn àgbà tí ń fín aṣáà. Mo dì í ní ìdì méjì, kí n lè máa gbóòórùn ilé. Ọ̀kan wà nínú àpótí mi, mo fi ọ̀rá wé e dáadáa. Ọ̀rinrin mú èkejì, ó sì fẹ́ bu. Mo wá ṣe ohun tí ọmọ àgbẹ̀ tábà yóò ṣe: mo wá ibi tí iná wà tí òrùlé wà lókè rẹ̀, mo sì gbé ewé kọ́. Ibi tí mo rí ni ahéré tí Ìyá Sènámi ti ń yan ẹja. Kò sí ọmọ Ajídò tí yóò gbé ohun tí kò fẹ́ kí ó máa rùn bí ẹja kọ́ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ewé yín fi wà lórí èéfín ẹja àti èèpo àgbọn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá olówó kan gbóòórùn rẹ̀ lára àpò mi, ó ní kí ni. Mo wé ọ̀kan fún un bí Bàbá Àgbà ṣe máa ń wé tiwọn, mo bu ráì tí kò tíì pẹ́ lágbàá tì í. Ó fà á, ó mu ọtí lé e, ó dijú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fa sìgá kiri ayé, òun kò rí irú rẹ̀. Ó pe ọ̀gá mi. Wọ́n bi mí pé ewé ibo nìyí, mo ní ewé bàbá mi ni, láti Òkè-Ògùn. N kò dárúkọ ẹja.

Nígbà tí mo padà sílé tí mo sọ ọ́, Ìyá Sènámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹja mi ni ọkùnrin yẹn fà, kì í ṣe ewé bàbá ẹ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yìn mí, wọ́n ti fi kún owó oṣù mi, ìyìn náà sì dùn mọ́ mi. Odindi oṣù kan ni mo fi pa ẹnu mọ́. Inú mi ń bí mi sí ara mi, ẹ má rò pé mo yọ ara mi sílẹ̀.

N kò mọ̀ pé ọ̀gá mi ti wá sọ́dọ̀ yín. Bùọ̀dá Ràfíù ni ó sọ fún mi pé ó gbé mọ́tò ńlá wá, pé ó jẹ iyán wa, ó sì ní kí ẹ fi gbogbo oko gbin tábà. Mo gbé ìdì ewé tí ó wà nínú àpótí lọ bá a. Mo wé ọ̀kan, mo ní kí ó fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́. Mo wá ṣàlàyé gbogbo ọ̀ràn ẹja fún un, mo rò pé yóò ní kí ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà mìíràn. Bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àlejò òun kì í ra ewé, ìtàn ni wọ́n ń rà. Ó ní bí ewé náà kò bá dára, ìwé ti gba ti òun rò.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó gba tirẹ̀ rò. Bùọ̀dá Ràfíù ya fọ́tò ìwé náà sí mi, mo sì kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewé tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àgbẹ̀ ni yóò gbé e padà. Owó irúgbìn, owó ajílẹ̀, owó igi ìdáná, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe ohun ìdúró fún gbèsè náà. Ẹ ó gbìn ín bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbìn, ẹ ó yan án bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n yan, kò sì ní rùn bí èyí tí bàbá olówó yẹn fà, nítorí kò sí Ìyá Sènámi ní Òkè-Ògùn. Wọn yóò tutọ́, wọn yóò sì gba ilẹ̀.

Ọ̀gá mi, jìbìtì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni inú ń bí mi sí jù. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin rí ejò kan náà, ẹ tẹ́ ẹní fún un. Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn olówó tábà tí wọ́n wá nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Àwọn náà gbé mọ́tò wá. A gé gbogbo igi emi àti igi irúgbá tì sínú iná ilé tí a ti ń yan tábà. Ìyá wa ni ó ń dáná náà, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, títí tí ikọ́ fi wọ̀ wọ́n láyà tí kò sì jáde mọ́. Lọ́dún tí wọ́n kú ni àwọn olówó tábà kò padà wá mọ́, kòkòrò sì jẹ ewé wa nínú àká. Ẹ búra lójú mi pé láéláé, ẹ kò ní gbìn ín tà mọ́. Bùọ̀dá Ràfíù ní ẹ ti ń fa iṣu tí kò tíì gbó tu báyìí kí tábà lè rí àyè. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó wò.

Mo ti dá aṣọ iṣẹ́ padà fún ọ̀gá mi kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ẹja ni mo ń bá Ìyá Sènámi yí lórí iná báyìí, a ń gbé e lọ tà ní Arádàgún. Owó oògùn orúnkún Ìyá Àgbà yóò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa wá.

Mo fi àpò kan ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Ràfíù, yóò dé kí Jímọ̀ tó pé. Ìdì ewé méjì ló wà nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìnkùlé yín ni méjèèjì. Mo fi òwú pupa so èyí tí ó gba èéfín ẹja, mo fi òwú funfun so èyí tí ó jẹ́ tiyín. Ẹ gbé wọn sí imú níkọ̀ọ̀kan. N kò mọ ẹni tí imú rẹ̀ mú ju tiyín lọ, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, yóò fún yín ní àlàáfíà, ilẹ̀ bàbá wa kò ní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará mọ́ṣáláṣí àti Tíṣà tí ó ń ka èyí. Bí ẹ bá gbóòórùn ewé méjèèjì tán, tí ẹ sì ní dandan ẹ ó tẹ̀ka, ó kù sọ́wọ́ yín. Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò náà dáadáa. Òun ni ẹ fi pa ojú ìyá wa dé.

Èmi ni, pẹ̀lú ìbínú àti ìfẹ́,
ọmọ yín,
Àṣàkẹ́.