Màmá Ní Okun O

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kẹsàn-án
Ìhìnrere òní: Lásárù lẹ́nu ọ̀nà olówó. Àmín-kíákíá ló ka ìrònú tí mo máa ń kọ lórí Ìhìnrere lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìjọ kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀ – Katikíìsì Kọ́mọláfẹ́ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, torí kì í jẹ́ kí Fadá parí àdúrà kó tó ṣe àmín. Mo kọ ọ́ pé ẹnu ọ̀nà tiwa náà ní ẹni tó jókòó síbẹ̀. Àwọn èèyàn kí mi kú iṣẹ́. Inú mi ò dùn. Màmá ni mò ń rò nígbà tí mo kọ ọ́. Kabawa ni wọ́n wà, nínú ilé tí Bàbá fi sílẹ̀, odò ò sì jìnnà sí fèrèsé wọn mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ mi ní Karaworo títí omi yóò fi fà. Wọ́n ní àwọn ti rí omi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27
Àlejò tún ti gun òkè sí i. (Odò Ọya ni Àlejò. Mi ò fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀, ká má baà pè é wá.)

Ọjọ́bọ̀, 29
Mo lọ sí Kabawa lẹ́yìn iṣẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ ní òun ò lè wọlé débẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹrẹ̀ ti bo iwájú ilé. Màmá jókòó síta, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: okun o, okun o – ìkíni àwa ará Kabba. Mùsílímátù, ayálégbé wọn, máa ń fi ìkíni yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni. Ó ní a máa ń kí èèyàn bí ẹni tó ń pín agbára.
Mo tún bẹ Màmá. Wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí olè wá kó àwo àwọn ni. Fóònù wọn sì ti bàjẹ́. Mo bẹ Mùsílímátù kó máa bá mi wò wọ́n, kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹwàá
Ìhìnrere ọ̀la: bí ìgbàgbọ́ yín bá tó wóró músítádì, ẹ ó sọ fún igi pé kó tu, kó lọ gbin ara rẹ̀ sínú òkun. Mo mọ ẹni tí mò ń kọ èyí sí. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Mo kọ ọ́ pé igi kan wà tó jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ gan-an ni yóò pa á, àti pé ó gba ìgbàgbọ́ kí igi tó gbà kí wọ́n tu òun.

Ọjọ́ Àìkú, 2
Mo pa òwe, ẹni tó ni ín já a. Màmá dúró dè mí lẹ́yìn Mísà. Wọ́n ní, “Fúnmiláyọ̀, ṣé èmi ni igi?” Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ láìkí mi pé ó dàbọ̀. Màmá tó máa ń kí ewúrẹ́ pàápàá.

Ọjọ́ Ajé, 3
Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Àtẹ̀jíṣẹ́ Mùsílímátù wọlé bá mi ní ọ́fíìsì. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà: “Mama ni okun o. E ma gbagbe.”
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Màmá kí mi. Wọ́n ti dárí jì mí, wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn. Mo fèsì lójú ẹsẹ̀: “Mo ti gbo. Mi o ni gbagbe.” Ara mi fúyẹ́ gẹ̀. Mo jókòó ti ìrònú ọ̀sẹ̀ yìí – adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, àjòjì sì ni. Ọ̀rọ̀ ń wá bí omi.

Ọjọ́rú, 5
Adẹ́tẹ̀ ṣì ni. Ìparí rẹ̀ ò tíì dùn lẹ́nu. Òjò látàárọ̀. N ó lọ wo Màmá lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 6
Àlejò ti wọ Kabawa. Fóònù Mùsílímátù ò lọ. Mo sáré débi tí omi ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn fà mí padà. Òrùlé nìkan ni mò ń rí. Mo ka rósárì, mo ń ṣì í kà. Màmá ń bẹ níbẹ̀. Mi ò lè kọ ju báyìí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Wọ́n wà láàyè. Wọ́n wà láàyè.
Àlí apẹja, Núpé tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn jáde. Ó ti kọ́kọ́ gbé Mùsílímátù àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó tún padà lọ gbé Màmá. Òun náà ló mú wọn dé ilé mi, aṣọ wọn tutù rinrin, wọn ò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Àpótí wọn ti ṣubú sómi láti inú ọkọ̀: fọ́tò Bàbá, aṣọ funfun tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ ikú wọn, gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò dì í mọ́ ọkọ̀. Àlí wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣe ní kàyéfì.
“Madam, Mama say make una bring rope since Tuesday. Rope don finish for Kabawa. She don pack finish, she just dey wait una.”
Rope. Mo ní kó tún un sọ. Rope.
Mo ṣí fóònù mi. Mama ni okun o. Okùn ni. Okùn tí wọ́n fẹ́ fi di ẹrù. Mùsílímátù tí kì í kí èèyàn pé okun, níbo ló ti fẹ́ mú ìkíni wá? Mo sì fèsì pé mi ò ní gbàgbé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Màmá sùn. Wọ́n jẹun díẹ̀. Wọ́n kí aládùúgbò mi, wọ́n kí ẹni tó ń ta omi. Wọn ò kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé bí mo ṣe ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Okùn ni mo ní, Fúnmiláyọ̀. Ọ̀rọ̀ igi rẹ yẹn ni mo gbà tí mo fi di ẹrù.”
Mo fa ìrònú adẹ́tẹ̀ ya. Mo lọ sọ́jà, mo ra okùn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo sọ fún Àmín-kíákíá pé mi ò kọ ìrònú kankan. Ó ní àwọn èèyàn á béèrè, kí n fún òun ní ìlà kan péré. Mo kọ ọ́ fún un: Àjòjì ló padà wá. Ó kà á, ó yí ìwé náà wò bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó.
Nígbà tí Fadá ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá wà. Mo na ọwọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà pẹ́, kí wọ́n tó dì í mú.
“Okun, Fúnmiláyọ̀.”
Ohùn ẹnu wọn ni mo gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣeé ṣì gbọ́.
Nígbà tí a délé, wọ́n ní okùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́, àwọn ń wá ibi tí àwọn yóò sá aṣọ sí. A ta á láti ara igi máńgòrò dé ara fèrèsé yàrá wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ta kókó rẹ̀. Wọ́n fà á wò, wọ́n ní ó le.